Àrẹ̀mọ tó bá ọba kú: ṣé àṣà yìí ló fa ogun Ìjàyè?

Ìbéèrè: Kí nìdí tí Àrẹ̀mọ Ọ̀yọ́ fi máa ń bá Aláàfin kú láyé àtijọ́? Ṣé torí pé Adélù, Àrẹ̀mọ Aláàfin Àtìbà, kò bá bàbá rẹ̀ kú ni ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Àrẹ̀mọ kì í ṣe àkọ́bí lásán. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣèlú. Láéláé, òun náà ló ń jọba bí bàbá bá wàjà. Ìtàn ní ìgbà tí wọ́n fura pé Àrẹ̀mọ kan ló ṣekú pa bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣòfin pé ọjọ́ tí ọba bá lọ, kí Àrẹ̀mọ bá a lọ. Ẹ̀mí ọba ni wọ́n ń fi àṣà náà ṣọ́. Ta ni yóò fún bàbá rẹ̀ ní májèlé nígbà tó mọ̀ pé ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì máa kú?

Aláàfin Àtìbà, tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, fẹ́ kí wọ́n pa àṣà náà tì. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ jálẹ̀. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí kò sì forí balẹ̀ fún un.

Ẹ wá wo abẹ́ ọ̀rọ̀. Ìjàyè ló ń mójú tó àwọn ìlú Òkè Ògùn, ìṣákọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì kéré. Lẹ́yìn náà, obìnrin olówó kan, Àbú, kú ní Ìjànnà láìní àrólé. Aláàfin ló ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀, Kúrunmí sì dá àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin lọ́nà. Ẹ fetí sí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì: ogún ló di ogun.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé àṣà nìkan kọ́ ni ti Ẹ̀gbá. Nígbà tí Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè, Ìjàyè ni wọ́n gbè, tọmọogun tọmọogun. Kí ló kan Ẹ̀gbá nínú Àrẹ̀mọ Ọ̀yọ́? Agbára Ìbàdàn tó ń gbòòrò ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè fọ́ ní 1862. Oyè Kakaǹfò bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́wọ́ Òjó Aburúmákú. Nígbà tí Adélù fúnra rẹ̀ sì wàjà, àbúrò rẹ̀, Adéyẹmí Kìíní, ló jọba.