Ẹ má gbé kámẹ́rà jáde tí orin yín ò bá tíì parí

Àbúrò mi, o ní ẹ fẹ́ ṣe fídíò orin fún project yín, ò ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ rẹ́ǹtì kámẹ́rà ni àbí fóònù yín ti tó. Màá dé orí ìyẹn. Àmọ́ jọ̀ọ́, dá mi lóhùn ná: orin yẹn ńkọ́, ṣé ó ti parí? Mi ò ní bóyá ẹ ti kọ ọ́ ní stúdíò o. Mo ní ṣé ó ti parí débi pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kójú ẹ rí ohun tójú mi rí. Àwa mẹ́ta la ṣe tiwa n'Ílọrin níbí, a pa dádàkúàdá, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, pọ̀ mọ́ hip hop, bàbá onílù kan ló lùlù nínú orin yẹn, òun náà la tún bẹ̀ kó wá síwájú kámẹ́rà. Producer fi orin ránṣẹ́ lórí WhatsApp, MP3, BPM 100 (ìyẹn ni pé ìlù rẹ̀ ń lù ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan), ó ní ká máa fi ya fídíò lọ. A lo ọjọ́ kan l'Òkèlele níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, a lo ọjọ́ kejì lórí Òkè Sóbí. Inú wa dùn gan-an.

Ìgbà tí mo wá jókòó ti láptọ́ọ̀pù, tí mo gbé orin tí producer fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, tó pè ní "final", sábẹ́ fídíò, ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sójú ẹ̀, ìlà kẹrin ti ń yẹ̀ díẹ̀, nígbà tá a fi máa dé ẹsẹ̀ kejì orin ti sá lọ, ẹnu olórin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ti bàbá ló tiẹ̀ burú jù, a ti gbọ́ ìlù, kọ̀ǹgọ́ ṣì wà lókè lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rò pé fóònù ló bà á jẹ́. Odindi òru mẹ́rin ni mo fi ń tún un ṣe, NEPA á mú iná lọ, màá tan jẹnẹrétọ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni mo pe producer, ó ní "ah, mo kàn gbé e sí 102 ni, kò lè hàn." Kò lè hàn kẹ̀! Orin ìṣẹ́jú 3, tó o bá gbé e láti 100 lọ sí 102, á fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àbọ̀ kúrú. Ẹni tó ń pe ara ẹ̀ lọ́gá iṣẹ́ ò mọ̀yẹn. Mo ní kó dá a padà, ó ní òun ti sefú tuntun lórí ti àtijọ́.

Èmi ni mo wá fi kọ̀ǹpútà na orin yẹn gùn padà sí 100. Ohùn olórin ṣì ṣeé gbọ́, ṣùgbọ́n ìlù ò ké mọ́, ó ń fà nílẹ̀. Mo gbé e fún bàbá gbọ́ lórí fóònù mi, ó fi sétí, ó gbọ́ ọ tán, ó rọra dá fóònù padà fún mi, ó ní "ìlù tèmi kọ́ nìyí." Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Léktọ́rà gé máàkì wa pé ẹnu ò bá orin mu, kò bi wá ní ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tó kó wa yọ ni àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti kọrin. Ìyá kan wà tó ń fi àkísà tútù pa etí ìkòkò yíká, omi ń ṣàn tẹ̀lé ìka ẹ̀, ibi tí ẹnu bá ti yẹ̀ báyìí ọwọ́ ìyá yẹn ni mo ń fi dí i. Ẹ ya irú ẹ̀ dáadáa, ọwọ́, ẹsẹ̀, amọ̀, òkúta. Kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá yẹn kẹ́ ẹ tó yà wọ́n, kẹ́ ẹ fún wọn lówó, iṣẹ́ òòjọ́ wọn lẹ dá dúró. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, ẹ pa spíkà. Bárékè sójà wà lágbègbè Sóbí o, ẹ má kọjú kámẹ́rà síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa ya fídíò nínú skúùlù, ẹ tètè kọ lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ fún wa pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, ọjọ́ tá a sì rí lẹ́tà àṣẹ gbà, síkíọ́rítì tún gba trípọ́ọ̀dù wa bó tiẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wà lọ́wọ́ wa. Bítì tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ka àdéhùn ẹ̀ dáadáa, torí YouTube máa ń dá ohùn mọ̀, oní-nǹkan lè ní tòun ni.

Ọ̀rọ̀ fóònù tó o béèrè, ó tó. Ẹ nu ojú kámẹ́rà ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ fóònù méjì, ẹ fi frame rate méjèèjì (iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí iye kan náà, 25 tàbí 30. Frame rate ti fóònù kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ fi HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, sọ ọ́ di Constant Framerate, kó má máa yí mọ́, kẹ́ ẹ tó ẹdíìtì. Kí olórin kọ ọ́ síta ní tòótọ́, kó má kàn máa la ẹnu, ọrùn ẹ̀ máa ń tú u fó. Ẹ wá spíkà tó lágbára tí olórin á fi máa gbọ́ orin, atẹ́gùn orí Sóbí gbé ohùn tiwa lọ.

Gba WAV, fáìlì orin tí wọn ò fún pọ̀ bíi MP3, lọ́wọ́ producer yín lónìí, kọ BPM ẹ̀ àti gígùn ẹ̀ síbí, kó o tún kọ ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ya fídíò, màá bá ẹ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.