Kí ni ọjà Ọ̀yìngbò ń wá nínú ẹ̀kọ́ átọ́ọ̀mù?

Àbúrò kan tó ń kọ́ físíìsì ní Yábàá béèrè pé: "Olùkọ́ wa ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ìtànṣán caesium-137, irú átọ́ọ̀mù kan tó ń tú ìtànṣán jáde, ló bá pòwe pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ṣebí èébú ni òwe yìí?"

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Kì í ṣe èébú. Àwọn tó ń fi í lé èèyàn dànù ló bà á jẹ́. Ọ̀yìngbò tó wà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta níbí ni òwe náà ń sọ. Bí ìyá aláta kan kò bá ná ọjà lónìí, ẹni tó pàtẹ tì í á mọ̀, oníbàárà rẹ̀ á béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ọjà ò ní rọlẹ̀. Kí èèyàn má jọ ara rẹ̀ lójú ni wọ́n ṣe ń pa á.

Olùkọ́ yín mọ ohun tó ń sọ. Bí átọ́ọ̀mù uranium bá là sí méjì, caesium-137 wà lára ohun tí ìlà náà máa ń bí. Átọ́ọ̀mù caesium kọ̀ọ̀kan á di átọ́ọ̀mù mìíràn tó ń jẹ́ barium lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kó wọn jọ bí èrò ọjà, ìdajì wọn á ti yí padà láàárín nǹkan bí 30 ọdún. Èyí tó fọ́n káàkiri nígbà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù Chernobyl ní Ukraine bú gbàmù lọ́dún 1986, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló kù ní 2016. Má rò pé yóò tán ní 2046 o: ìdajì ìdajì ni yóò kù.

Wá wo ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka ìtànṣán 100, iye náà lè fi nǹkan bí 10 lé tàbí kó fi dín. Ìyẹn pọ̀. Bó bá ka 10,000, nǹkan bí 100 ni. Bó bá ka 1,000,000, nǹkan bí 1,000 péré, ìyẹn ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ọjà ṣe ń fẹjú sí i ni ẹni tí kò wá ń fara sin.

Ibì kan wà tí òwe náà ò dé, ó sì wù mí kí o mọ̀ ọ́n. Ọjà lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó ìpàtẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ òǹkà máa ń dákú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ka ìtànṣán kan. Bí òmíràn bá wọlé lásìkò náà, kò ní rí i. Ẹni tó ń wọn nǹkan láìfẹ́ àṣìṣe gbọ́dọ̀ ṣírò àwọn tó kọjá láìjẹ́ pé a kà wọ́n, kó fi wọ́n kún un. Irú àwọn nǹkan kéékèèké báyìí lè wà lára ohun tó mú kí iye ọdún tí ìdajì caesium-137 fi ń yí padà, tí àwọn ilé ìwádìí ń gbé jáde, má fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀kan.

Bí o bá fẹ́ pa òwe náà níwájú olùkọ́ yín, fi "tótó ó ṣe bí òwe o" tì í. Òun náà á dá ọ lóhùn pé wàá rí òmíràn pa.