Epo ló dí asẹ́ yín, ẹ má tíì ra òmíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ epo pupa yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dí membrane onífọ́nrán, asẹ́ tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò, tẹ́ ẹ rì sínú táǹkì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú asẹ́ ni kò tíì pé.

Omi ibi ìfún-epo máa ń gbóná tó 80°C, ó kan, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí) kì í ju 4 sí 5 lọ, epo inú lítà kan sì lè tó gíráàmù 4. Ihò membrane kéré gan-an, ó sábà máa ń kéré ju micron kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Epo á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, ẹrẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ epo.

Ẹ gbẹ́ kòtò tí ògiri pín sí mẹ́ta. Kí ògiri má kan ilẹ̀, kí omi lè gba ìsàlẹ̀ kọjá, kí epo ṣẹ́ kù lókè. Ìgbà tí omi ṣì gbóná ni kẹ́ ẹ bu epo náà. Tó bá tutù, ọ̀rá á dì mọ́ ẹrẹ̀, kò ní léfòó mọ́. Lẹ́yìn náà, kí omi lo ọjọ́ 30 sí 40 nínú adágún, kí kòkòrò àìrí jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. pH á gòkè fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi ẹfun tí wọ́n ń pè ní chaux kánjú gbé e sókè, yóò dì mọ́ membrane bí òkúta. Kó tó wọ táǹkì, ẹ fi asẹ́ onírin 1 mm gba ìhá ẹyìn kúrò, torí ó máa ń lọ́ mọ́ fọ́nrán bí irun.

Ẹ má fa omi ju lítà 10 sí 12 lọ ní wákàtí kan fún mítà onígun mẹ́rin membrane kan. Ẹ fà á fún ìṣẹ́jú 9, ẹ sinmi fún 1. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò lè gbé pọ́ńpù àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ (èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi táǹkì) pọ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ tàn. Fífa omi láìsí afẹ́fẹ́ ló ń ba membrane jẹ́ jù.

Èyí tó ti dí, ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ da Javel 12° (omi bleach; 12° ni agbára rẹ̀, kì í ṣe ìgbóná) lítà 1.3 sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ 100 lítà, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 4 sí 6. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó bá membrane wá, bóyá ó lè gba chlorine, èròjà inú Javel, tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa kó tó kan ásíìdì citric, kílò 1 nínú 100 lítà, wákàtí 2. Bí ásíìdì bá ṣáájú, ọ̀rá á le mọ́ fọ́nrán. Ẹ jọ̀ọ́, kí Javel àti ásíìdì má pàdé láé: afẹ́fẹ́ chlorine tó máa jáde lè pa òṣìṣẹ́ yín.

Omi Javel yẹn, ẹ má dà á sí ọ̀sà. Ẹ má sì dà á sí adágún lọ́jọ́ náà, yóò pa kòkòrò tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ fi sínú oòrùn láìdé e títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kẹ́ ẹ tó máa bù ú sí adágún díẹ̀díẹ̀.