Má tíì fi mode kún un, wo snapshot rẹ ná

Àbúrò mi, o ní àwòṣe kékeré tí o fi POD kọ́ (ọ̀nà tó ń fa ìrísí díẹ̀ tó ṣe kókó, tí à ń pè ní mode, jáde nínú snapshot, ìyẹn àwọn èsì ìṣirò ńlá tí a kó jọ) ń ṣe dáadáa tí òpó inú omi bá dúró gbọin, pé tó bá ti ń mì nínú omi báyìí, àwọn nọ́ńbà á fò sókè títí kọ̀ǹpútà á fi dákẹ́. O wá ń bèèrè bóyá kí o gbé mode láti 10 lọ sí 40. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣòfò sídìí rẹ̀.

Yaba ni mo wà nígbà náà, òpó igi ilé orí omi bíi ti Mákòókò ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìṣirò odindi kan ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ náà tán, ó di àtùnbẹ̀rẹ̀. Ohun tó lé mi débi POD nìyẹn. Mo kó agbára tí omi fi ń ti òpó àti bí òpó ṣe ń yẹ̀ pọ̀ sínú matrix (àtẹ nọ́ńbà) kan ṣoṣo. Mode 5 péré ti gbé 99.9% ohun tó wà nínú àtẹ náà. Inú mi dùn gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tẹ ìlà nọ́ńbà ìdúró (column) kan nínú matrix náà sórí ìwé. Ti omi: 2,000 pascal. Ti òpó: mítà 0.003. SVD, ìṣirò tí POD fi ń yan mode, á sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 4,000,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.000009. Kò rí òpó mi rárá! Ti omi nìkan ni 99.9% yẹn. Mode tí mo ń kún un, omi náà ló tún ń lọ wá.

Ya wọ́n sọ́tọ̀: kí omi ní ìpìlẹ̀ (àkójọ mode) tirẹ̀, kí òpó ní tirẹ̀. Fún òpó, mode ìmìtìtì àdánidá rẹ̀ (bí òpó ṣe máa ń mì fúnra rẹ̀) mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.

Ìkejì, omi kì í ṣe afẹ́fẹ́. Òpó tó bá ń mì nínú omi ń gbé omi kiri pẹ̀lú ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ igi kò sì wúwo tó omi. Bí o bá ń ṣe ti omi lẹ́ẹ̀kan, ti òpó lẹ́ẹ̀kan, tí o sì ń kọjá lọ, àwọn nọ́ńbà á fò sókè. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Causin, Gerbeau àti Nobile ṣàlàyé èyí ní 2005. Dídín àkókò ìgbésẹ̀ kù kò gbà ọ́. Máa pààrọ̀ láàárín àwọn méjèèjì nínú ìgbésẹ̀ kan náà títí wọn á fi bára mu.

Kó snapshot ní oríṣiríṣi ìyára omi pẹ̀lú, pàápàá níbi tí omi tó ń yí po lẹ́yìn òpó bá ti ń bá ìmì òpó rìn. Ibẹ̀ ni tèmi ti parọ́ jù.

Tẹ ìlà nọ́ńbà ìdúró kan nínú matrix rẹ jáde lálẹ́ òní, kí o fi ránṣẹ́ síbí kí n wò ó.