Owó Iléyá tó ń pòórá lọ́wọ́ aránṣọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Gáà Àkànbí, nílùú Ìlọrin níbí. Ó di ọdún kẹfà báyìí tí mo ti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Ní Iléyá tó kọjá, ₦480,000 wọlé fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kí oṣù kejì tó pé, mo ti ń yáwó ra òwú. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Mo fẹ́ ra máṣíìnì oníná, mo fẹ́ ra ilẹ̀, mi ò fẹ́ máa wojú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ kí n tó san owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kówó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé á di ìlọ́po méjì lóṣù kan. Mi ò sì fẹ́ jẹ èlé nítorí ẹ̀sìn mi. Ṣé mi ò lè kó ara mi níjàánu ni? Mo fi àkọsílẹ̀ ìnáwó mi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mú bírò. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò ní Ìlọrin yìí, ohun tó ń ṣe ọ́ sì ni mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Má bú ara rẹ. Ẹni tó lè sùn sí ṣọ́ọ̀bù lórí aṣọ Iléyá ní ìjánu tó pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé owó tí kì í ṣe tìrẹ lo ń pè ní tìrẹ.

Jẹ́ ká tú ₦480,000 yẹn palẹ̀. Òwú, síìpù, gọ́ọ̀mù àti láínì tí o rà l'Ọ́jà Ọba jẹ́ ₦110,000. Epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iná, ₦60,000. Owó ẹni tó bá ọ rán an àti oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, ₦90,000. Ó ku ₦220,000. Ṣé inú rẹ ti ń dùn? Dúró ná. ₦70,000 nínú rẹ̀ jẹ́ àsansílẹ̀ àwọn tí o kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ wọn. Gbèsè nìyẹn. ₦150,000 ni Iléyá pa fún ọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ sì náwó bí ẹni tó pa ₦480,000.

Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ yìí ká mi lára. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní òpópónà Táíwò, mò ń dúró kó wá ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ fún mi. Oníbàárà kan wọlé, ó san ₦8,000 sílẹ̀ fún ìró àti bùbá. Aránṣọ náà fa àpótí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, ó ju owó sí i. Kò tíì tì í tán tí ọmọ iṣẹ́ fi ní láínì aṣọ Àlàájà kan ti tán. Ó fa ₦5,000 yọ nínú owó náà, ó ní kí ọmọ sáré lọ ra láínì wá. Bẹ́ẹ̀, Àlàájà yẹn ti sanwó tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó rẹ̀ ti bá aṣọ ẹlòmíràn lọ. Bí aṣọ kan ṣe ń jẹ òmíràn nìyẹn, títí aránṣọ fi máa ń pa fóònù, tí wọ́n á sì máa pè é ní onírọ́.

Ìyá mi ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ìpàta títí ó fi dàgbà. Àpò méjì ló rán mọ́ tòbí rẹ̀: owó ọjà lápá ọ̀tún, owó oúnjẹ lápá òsì. Mo rántí ọjọ́ tí mo sunkún nítorí bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sílé kéú. Àpò òsì ti rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, tọ̀tún sì wú. Ó nu ojú mi, kò fọwọ́ kan ọ̀tún. Lọ́jọ́ kọkànlá ó ra bàtà náà, owó àpò òsì ló sì fi rà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyẹn, àmọ́ àpò tìrẹ á jẹ́ mẹ́ta. Èkíní ni ti àwọn oníbàárà: gbogbo àsansílẹ̀ ibẹ̀ ni, a kì í yọ ọ́ àfi tí a bá fẹ́ ra nǹkan sí aṣọ ẹni tó ni ín. Èkejì ni ti ṣọ́ọ̀bù: epo, òwú, owó ilé. Ẹ̀kẹta ni tìrẹ, ọjọ́ tí o bá gbé aṣọ fún oníbàárà tán nìkan ni owó á dé ibẹ̀. Kí o wá sanwó iṣẹ́ fún ara rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí o ṣe ń san án fún ẹlòmíràn. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nínú ₦150,000 yẹn, gba ₦10,000 lọ́sẹ̀ kún ohun tí iṣẹ́ kéékèèké bá mú wá. ₦50,000 tó kù, ti máṣíìnì ni.

Aṣọ ẹbí tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ ńkọ́? Àpò kẹta, tìrẹ, ni kó ti jáde. Tí kò bá sí níbẹ̀, fi ẹ̀bùn kékeré lọ kí ìyàwó.

Alájọ dára fún ẹni tí owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, òun á mú ₦1,000, wàá gba ₦29,000. Owó ìṣọ́ ni o san, kò sí èrè níbẹ̀, nítorí náà máa kó o ní ìparí oṣù, kí o gbé e lọ sí báńkì. Láti ọdún 2024, tí báńkì ńlá bá kógbá wọlé, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, máa dá owó oníbàárà padà títí dé ₦5 mílíọ̀nù. Ti báńkì kékeré tí wọ́n ń pè ní microfinance jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Alájọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ní ti èlé, báńkì tí kì í gbà á tí kì í sì í san án ti wà ní Nàìjíríà láti 2012. Sukuk tún wà, ìyẹn ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé nínú. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tà á lọ́dún 2017 láti fi ṣe ọ̀nà, ₦10,000 sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni san owó ilé fún onílé ni ìjọba ṣe ń san owó ìlò ọ̀nà náà fún àwọn tó rà á, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àmọ́ ọdún méje ni ti àkọ́kọ́ yẹn, nítorí náà má fi owó máṣíìnì rà á. Owó ilẹ̀ tí o kò ní fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́ ni kí o fi sí i.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Irú ètò sọwódowó orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni MMM àti CBEX. MMM ṣèlérí èrè ọgbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX ní owó á di méjì lóṣù kan, ó dàwátì ní oṣù Kẹrin 2025. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san tẹni tó ti wà níbẹ̀. Àpótí aránṣọ Táíwò yẹn náà ni, kìkì pé kò sí aṣọ kankan tí wọ́n ń rán.

Lálẹ́ òní, ra ìwé kan. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti sanwó tí kò tíì gba aṣọ, kọ iye síwájú orúkọ, ro ó pọ̀. Iye yẹn ni kí o kọ́kọ́ dá padà sínú àpò àwọn oníbàárà, kódà kó jẹ́ ₦1,000 lójúmọ́. Tó bá ti pé, kọ̀wé sí mi, ká wá sọ̀rọ̀ máṣíìnì.