Iwájú cruiser tó ń rì tí ẹ bá tẹ bíréèkì: ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ́ìlì

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé iwájú cruiser kan (oríṣi alùpùpù tó gùn, tó sì lọ sílẹ̀) ń rì wọlẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì, síbẹ̀ tó bá kan etí kòtò, ṣe ló ń gbo ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún. Ẹni tó ni ín fẹ́ da ọ́ìlì tó ki sínú fọ́ọ̀kì (ẹsẹ̀ méjì tó di wíìlì iwájú mú) kó lè le. Ẹ má tíì dà á o. Ọ́ìlì tó ki á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó rì lóòótọ́, àmọ́ gbígbò tí ẹ ń sọ yẹn á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Damper rod ló wà nínú fọ́ọ̀kì ọ̀pọ̀ cruiser. Ọ̀pá oníhò ni, ó dúró sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, ihò ara rẹ̀ sì ni ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ihò yìí kì í fẹ̀ sí i, kì í sì í fún sí i. Tí fọ́ọ̀kì bá ń sọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń rí lórí bíréèkì, ọ́ìlì ráyè kọjá dáadáa, iwájú á rì. Tí táyà bá gbá etí kòtò lójijì, gbogbo ọ́ìlì fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àyè ò gbà á. Bí eré fọ́ọ̀kì bá di ìlọ́po méjì, ìdènà á di bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀kì kan náà fi lè rọ̀ jù níhìn-ín kó tún le jù lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn sag, ìyẹn bí fọ́ọ̀kì ṣe ń rì tó tí ènìyàn bá jókòó lórí rẹ̀. Ẹ gbé iwájú kúrò nílẹ̀ kí fọ́ọ̀kì nà tán, ẹ wọn ibi dídán láti orí síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) dé abẹ́ triple clamp (irin tó di ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú lókè). Ká ní ó jẹ́ 130 mm. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó pẹ̀lú ẹrù tó sábà máa ń gbé. Ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọra dìde fúnra rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n: 78. Ẹ fà á sókè, ẹ jẹ́ kó rọra sọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n: 84. Ìdajì àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 81, ẹ yọ ọ́ nínú 130, sag yín jẹ́ 49 mm. Fún fọ́ọ̀kì tó ń rìn 130 mm, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ló yẹ, ìyẹn 40 sí 45. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 78 àti 84 náà: ìfara-ha-ara ọ̀pá ló fà á. Tó bá ti ń lọ sí 25 mm, ẹ wá ọ̀pá tó tẹ̀ tàbí fọ́ọ̀kì tí kò dúró gún kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ sípíríǹgì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni preload, ìyẹn títẹ sípíríǹgì mọ́ra ṣáájú kí ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n á gé páìpù gígùn sórí sípíríǹgì, wọ́n á ní ó ti le. Kò le rárá. Sípíríǹgì 0.8 kg/mm (0.8 kg ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ní 1 mm), 0.8 náà ló máa jẹ́ títí. Páìpù tó fi 10 mm gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kàn máa gbé iwájú ga ní nǹkan bíi 10 mm ni. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé sípíríǹgì gan-an ló rọ̀ nìyí: ẹ ti fi páìpù tún sag ṣe títí ó fi tọ́ nígbà tí ènìyàn wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀, fọ́ọ̀kì nà tán, kò fi bẹ́ẹ̀ rì mọ́. Ìyẹn ò fẹ́ páìpù, sípíríǹgì tó le jù ú lọ ló fẹ́. Ẹ má fò jìnnà: 0.1 kg/mm lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Èmi fara mọ́ èyí tó le bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ju oríṣi tí okùn rẹ̀ sún mọ́ra lápá kan lọ, torí ti ẹ̀yìn yìí máa ń tètè jẹ apá tó rọ̀ tán lórí bíréèkì.

Tí ẹ bá ń tú u, abẹ́ férémù ni kí jáàkì wà. Ẹ tú bóòtù triple clamp òkè, kí ẹ sì dẹ ìdérí fọ́ọ̀kì díẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára alùpùpù. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ní í dúró fún sípánà mọ́. Níbi ẹ̀yí tó kẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìdérí náà, kí ẹ gbé ojú kúrò lókè rẹ̀. Sípíríǹgì ń tì í bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wá dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá dà á, ẹ fa fọ́ọ̀kì sókè sódò títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Ẹ wọn gíga rẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì kò sí nínú rẹ̀, tí fọ́ọ̀kì wọlé tán, tó sì dúró ṣánṣán. Ìwé alùpùpù yín ló máa sọ iye. Ó sábà máa ń jẹ́ 120 sí 150 mm láti ẹnu. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tó kù lórí ọ́ìlì jẹ́ sípíríǹgì kejì: bí ẹ bá gbé ọ́ìlì ga ní 10 mm, ìparí ìrìn fọ́ọ̀kì á le sí i, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní í yí padà púpọ̀. Tó bá ga jù, síìlì á bẹ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé 10W (àmì bí ọ́ìlì ṣe ki tó) tí wọ́n kọ sára agolo, ti ilé iṣẹ́ kan lè fúyẹ́ ju ti èkejì lọ dáadáa. Iye cSt (òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ní 40°C ni kí ẹ fi wéra.

Tí gbígbò náà ò bá lọ, emulator ló kàn, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń darí ọ́ìlì dípò ihò damper rod. Ẹ ó lu ihò ìsàlẹ̀ damper rod tóbi, ó sábà máa ń di mẹ́fà tó fẹ̀ ní 8 mm, kí ó má baà dènà ọ́ìlì mọ́. Ẹ fá etí ihò náà kó dán, torí ègé irin tó bá kù síbẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì. Emulator á jókòó lórí damper rod, sípíríǹgì á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ẹ gé páìpù kúrò ní ìwọ̀n tí emulator fi nípọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sag yín ti bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yí méjì lórí bóòtù rẹ̀. Wíwọlé fọ́ọ̀kì nìkan ni emulator ń darí. Bó ṣe ń yára padà sókè ṣì wà lọ́wọ́ ọ́ìlì, ìgbà yìí gan-an ni 15W lè wúlò. Ihò tí ẹ bá ti lù ò ṣeé dí, ẹ ro ìyẹn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iwájú kúrú, tó fa ọ̀pá gòkè nínú triple clamp ní 20 mm, rake rẹ̀ (bí fọ́ọ̀kì ṣe dagun tó) á dín kù láìpé dígírì kan, trail (bí ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ṣe jìnnà sẹ́yìn ibi tí ìlà ìyípo fọ́ọ̀kì ti kan ilẹ̀) náà á dín kù. Yóò rọrùn yí, ṣùgbọ́n á máa mì lórí eré. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti fọ́ọ̀kì wọlé tán, kí ẹ wò bóyá mọ́dígáàdì kan triple clamp.

Nígbà tí ẹ bá ń dà á pọ̀, ẹ dì axle (irin tó gba àárín wíìlì kọjá), ṣùgbọ́n kí bóòtù tó di axle mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì ṣì rọ̀. Ẹ sọ wíìlì kalẹ̀, ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ léraléra, kí ẹ tó wá dì í. Ẹ so okùn ọ̀rá ìdìwáyà mọ́ ọ̀pá dídán kó lè fi ibi tí fọ́ọ̀kì rì dé hàn, kí ẹ lọ gùn ún pẹ̀lú bíréèkì líle. Tí okùn bá dé ìparí ìrìn fọ́ọ̀kì, ẹ gbé ọ́ìlì ga ní 5 mm, kí ẹ tún gùn ún.