Èsì: CJ750 yín, ṣé M1 ni tàbí M1M?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹni tó fẹ́ ta CJ750, alùpùpù Chang Jiang ilẹ̀ Ṣáínà tó ní ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, fún yín pè é ní M1. M1 àti M1M jẹ́ méjì nínú àwọn irú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ní sítátà àti jíà tó ń mú un rìn sẹ́yìn. Tó bá ní wọn, kì í ṣe M1, ó lè jẹ́ M1M; fóltì 12 ni iná M1M. Fóltì 6 ni iná M1 gidi, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ta á kó tó jí.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà àwọ̀ ewé àwọn ológun wọ̀ yín lójú, ọ̀dà tuntun lè bo nǹkan púpọ̀. Ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ inú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ irin abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Tèmi ti dógùn-ún débi pé ìka mi wọlé ṣinrá.